Òfin ènìyàn mẹ́fà àti ìyá ọkọ tó jókòó sẹ́nu géètì

Ní England lásìkò kòrónà, òfin ló ń báni dá àlejò padà. Ní Nàìjíríà, onílé ló máa dá wọn padà fúnra rẹ̀, mo sì fẹ́ rí aboyún tó máa dúró níwájú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kó ní kí wọ́n máa lọ sílé. Gbogbo ìyàtọ̀ tí mo rí nínú ṣíṣe baby shower lásìkò kòrónà, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Èmi àti àbúrò mi obìnrin jọ lóyún ní 2021, èmi níbí ní England, òun n'Íbàdàn. Àwa méjèèjì la fẹ́ kí àwọn ènìyàn wa bá wa yọ̀, tí wọn ò sì ní kó àrùn wọlé.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Láti oṣù kẹta 2020 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ka aboyún mọ́ àwọn tí àrùn yìí lè tètè ṣe léṣe, wọ́n sì ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹni tí oyún rẹ̀ bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 28 túbọ̀ jìnnà sí èrò. Nígbà yẹn, ilé ọmọ ti tóbi, ó ti ń ti ẹ̀dọ̀fóró sókè, èémí ò jinlẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí kòrónà bá wá mú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó lè di ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń báni mí, ọmọ sì lè dé kí oṣù rẹ̀ tó pé. Ìgbà yẹn gan-an sì ni àwọn ènìyàn máa ń ṣe baby shower, nígbà tí ikùn bá ti yọ dáadáa tó sì máa dùn-ún wò nínú fọ́tò.

Òfin ènìyàn mẹ́fà, èyí tí kò gbà kí ènìyàn tó ju mẹ́fà lọ pàdé pọ̀, bẹ̀rẹ̀ ní England ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án 2020. Kò pẹ́ tí kónílé-ó-gbélé fi padà dé ní oṣù kọkànlá, ó sì tún dé lẹ́ẹ̀kan sí i ní oṣù kìíní 2021. Ọjọ́ 29 oṣù kẹta ni wọ́n tó gbà kí ènìyàn mẹ́fà tàbí ìdílé méjì tún máa pàdé, níta gbangba nìkan. Wọ́n ń ka ọmọ ọwọ́ mọ́ mẹ́fà náà o. Ní Scotland, wọn ò ka ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12. Ní England, ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n sẹ́yìn, odindi ènìyàn kan ni. Ní 2021, ìtanràn ẹni tó bá kọ́kọ́ rú òfin náà jẹ́ 200 pọ́n-ùn, àwọn aládùúgbò sì wà tí kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan láti fojú kà yín láti ojú fèrèsé wọn.

Èmi àti ọkọ mi ti gba àyè méjì, ó ku mẹ́rin. Ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ ń dúró de ìpè, àwọn ọmọ ìlú wa ń dúró dè é, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ náà ń dúró dè é. Mo pe mẹ́rin, kò sì sẹ́ni tó bínú. Mo kàn ń sọ fún àwọn àgbà pé, "Òfin ni o, Mọ́mì", ọ̀rọ̀ ti tán. Màmá mi n'Íbàdàn ni inú wọn dùn jù, nítorí wọn ò fìgbà kan fara mọ́ ọn kí a máa ṣe àríyá sórí oyún. Lójú tiwọn, oyún kì í ṣe ọjà tí à ń kiri. Kí ọmọ kọ́kọ́ ké ná, kí a tó lu ìlù. Ohun tí wọ́n ti ń bá mi sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún tí mi ò gbọ́, ìjọba England bá wọn sọ ọ́.

Àmọ́ ojú ọjọ́ ò bá òfin mu. Oṣù kẹrin ni mo ṣe tèmi, ní ẹ̀yìnkùlé, nínú òtútù. A fi àyè mítà méjì sáàárín àga sí àga, oníkálùkù gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ wá. Nígbà náà, bí ẹ bá ta àgọ́, ó kéré tán ìdajì ògiri rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òfin á kà á sí inú ilé. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀ lè gba inú ilé kọjá, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jókòó. Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ jù lọ ni àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀ tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ 9 oṣù náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àlejò á fi òwú tọ imú rẹ̀ láàárọ̀, á dúró de èsì fún ìdajì wákàtí, á fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kó tó jáde nílé.

N'Íbàdàn, kò sí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ nínú ilé ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, ibà ni yóò pè é, ó sì lè jẹ́ ibà lóòótọ́. Òfin wà nígbà náà: ọjọ́ 26 oṣù kìíní 2021 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí i, pé àpéjọ inú ilé kò gbọdọ̀ ju ènìyàn 50 lọ, kí wọ́n lo ìbòmú, kí wọ́n fọwọ́, ẹni tó bá rú u lè san ìtanràn tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Gbogbo wa la sì rántí gbajúmọ̀ òṣèré tó ṣe ọjọ́ ìbí ọkọ rẹ̀ ní Èkó ní oṣù kẹrin 2020, tí ilé ẹjọ́ ní kí àwọn méjèèjì san 100,000 náírà ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi ọjọ́ 14 ṣiṣẹ́ ìlú. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi di ọdún tó tẹ̀ lé e, kánópì ti padà sójú títì. Ta ló fẹ́ kà wá?

Ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí láìfi ìlú mi ṣe yẹ̀yẹ́: kánópì yẹn dára ju yàrá èyíkéyìí ní England lọ. Ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn ń gbé èémí gbogbo wa lọ. Inú ilé tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì ni kòrónà ti ń rí àyè jù, òtútù sì ni kì í jẹ́ kí àwọn ará ibí ṣí fèrèsé. Ibi tí ewu wà lọ́dọ̀ wa ni ìfaramọ́ra. Ẹ wo bí a ṣe ń náwó fún ọlọ́jọ́: ọwọ́ mélòó ló ń kan iwájú orí aboyún kan ṣoṣo, ẹnu mélòó ló ń kọrin sí i lójú? Ẹ wo máíkì tó ń ti ẹnu alàgbà bọ́ sí ẹnu àǹtí. Bí orin bá sì ti pọ̀ jù, ṣe ni gbogbo ènìyàn á máa pariwo sétí ara wọn.

Àbúrò mi mọ gbogbo èyí. Kò gba onílù. Rédíò kékeré ló lò, ó sì rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà pariwo. MC nìkan ló di máíkì mú. Àkáùǹtì ni owó ń wọ̀. Inú ike ni oúnjẹ wà, oníkálùkù gbé tirẹ̀ lọ sílé, nítorí ìgbà tí a bá ń jẹun ni gbogbo ìbòmú máa ń dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n. Àwọn àna wá láàárọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ wá lọ́sàn-án. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ìgbóná ara sẹ́nu ọ̀nà, èyí tí èmi ò kà sí. Ẹni tí ara rẹ̀ ò gbóná lè kó àrùn ran ènìyàn.

Ta ló wá ń dá àwọn tí wọn ò pè padà? Ìyá ọkọ rẹ̀ ni. Wọ́n gbé àga sẹ́nu géètì, wọ́n lo ìbòmú, ọṣẹ àti ike omi tó ní ẹ̀rọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹni tó bá dé láìjẹ́ pé wọ́n pè é, wọ́n á kí i tàyọ̀tayọ̀, wọ́n á ṣàdúrà fún un, wọ́n á gbé ike oúnjẹ lé e lọ́wọ́, wọ́n á sì sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Kò sí ọlọ́pàá tó lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Àgbà nìkan ló lè dá àgbà padà tí kò fi ní dìjà.

Àwọn tí kò lè wá, lọ́dọ̀ tèmi àti lọ́dọ̀ tirẹ̀, bá wa pàdé lórí Zoom. Èyí tí a kì í sanwó fún máa ń já lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40, èyí tó dín àdúrà kù díẹ̀. Aago ò dà wá láàmú, nítorí aago England àti ti Nàìjíríà dọ́gba láti ìparí oṣù kẹta títí di oṣù kẹwàá. Iná ló dà wá láàmú. Màmá mi ń sọ pé wẹ́rẹ́ ni ewé ń bọ́ lára igi, jẹnẹrétọ̀ sì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn.

Lẹ́yìn ìbímọ ni mo tó jowú àbúrò mi. Màmá wa wọ ọkọ̀ lọ sílé rẹ̀ láti wẹ ọmọ, kò gbà ju ọ̀sán kan lọ. Oṣù kẹjọ ni wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. AstraZeneca ni abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n gbà n'Íbàdàn. AstraZeneca náà ni aládùúgbò mi gbà níbí. Aládùúgbò mi lọ sí Sípéènì, ó padà dé, kò sé ara rẹ̀ mọ́lé. Ìjọba England kò tíì tẹ́wọ́ gba káàdì àjẹsára Nàìjíríà nígbà náà, nítorí náà màmá mi wà nínú yàrá òkè fún ọjọ́ 10, wọ́n sì sanwó àyẹ̀wò ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹjọ. Bí wọ́n ṣe jáde ni wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní omi tí mo fi ń wẹ̀ ẹ́ ti tutù jù.