Bí A Ṣe Ń Mọ Ọjọ́ Orí Sìgá Kúbà Nínú Eré Tẹlifíṣọ̀n

Tí eré bá dá lórí ọdún 1955, tí ọ̀gá sì ń fa sìgá ńlá Kúbà, òrùka bébà tó yí i ká ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Orúkọ ilé-iṣẹ́ sìgá ló máa ń wà lára rẹ̀. Montecristo lè wà níbẹ̀, torí 1935 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Cohiba kò lè sí: 1966 ni tirẹ̀.

Àpótí ló máa ń tú àṣírí jù. Ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè. "Hecho en Cuba" ("A ṣe é ní Kúbà") dé lẹ́yìn tí Fidel Castro gbàjọba ní 1959; "Totalmente a mano" ("ọwọ́ nìkan la fi ṣe é") dé ní 1989; ìlẹ̀mọ́ "Habanos" (orúkọ tí wọ́n ń pe sìgá Kúbà) tó wà ní igun àpótí, 1994. Èdìdì ìjọba aláwọ̀ ewé tó wà lára àpótí ti wà láti 1912, nítorí náà òun nìkan kì í ṣe ẹ̀rí.

Tí òrùka kò bá bá ìgbà eré mu, ẹ bọ́ ọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ooru sìgá tó ń jó kọ́kọ́ mú gọ́ọ̀mù rẹ̀ rọ̀, kí ewé òde má baà ya.