Guthrie, Langston, Boley: Oklahoma kó tó di ìpínlẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń gbé Dallas, ibi tí à ń là kọjá lọ sí Kansas ni Oklahoma jẹ́ lójú wa. Ohun tó gbé èmi lọ síbẹ̀ yàtọ̀. Kí ibẹ̀ tó di ìpínlẹ̀ ní 1907, ó wà lára àwọn ibi díẹ̀ ní Amẹ́ríkà tí ọwọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ti tẹ ilẹ̀ tiwọn gan-an, tí wọ́n dá ìlú sílẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣàkóso ara wọn. Mo fẹ́ fojú ara mi rí ohun tó kù níbẹ̀.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ lọ. Guthrie la kọ́kọ́ dé, ní àríwá Oklahoma City. Àárín ìlú náà kún fún ilé alájà méjì, alájà mẹ́ta, tí wọ́n fi bíríkì àti òkúta pupa kọ́, tí fèrèsé wọn ga tó sì tẹ̀ kọrọdọ lókè. Ní ọ̀sán ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin 1889, nígbà tí aago méjìlá lù, àwọn sójà fún àwọn èèyàn láàyè láti sáré wọ ilẹ̀ tó tó mílíọ̀nù méjì éékà. Àwọn kan gun ẹṣin, àwọn kan wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù, àwọn kan bẹ́ láti inú rélùwéè. Éékà 160 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan lè gbà bó bá lè máa gbé orí rẹ̀ kó sì dáko síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi ṣú, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn ti pa àgọ́ sí Guthrie. Ní oṣù Karùn-ún 1890, ìjọba àpapọ̀ sọ ibẹ̀ di Oklahoma Territory, agbègbè tí kò tíì di ìpínlẹ̀. Guthrie ni olú-ìlú, ààrẹ ló sì ń yan gómìnà.

Ẹ̀gbọ́n mi wá bi mí pé, “Ta ló ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń sáré pín in?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti débi tí ọ̀rọ̀ wà.” Òfin tí Ààrẹ Andrew Jackson fọwọ́ sí ní 1830 ni wọ́n fi lé ẹ̀yà márùn-ún lára àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà, Cherokee, Choctaw, Chickasaw, Creek àti Seminole, kúrò nílẹ̀ bàbá wọn ní gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, wá sí ibi tó di Oklahoma lónìí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kú lójú ọ̀nà. Wọ́n ṣèlérí fún wọn pé ilẹ̀ tuntun yìí ò ní kúrò lọ́wọ́ wọn mọ́. Àwọn kan nínú wọn ní ẹrú aláwọ̀ dúdú, wọ́n sì kó wọn dání. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, àdéhùn 1866 dá àwọn ẹrú náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún já lára ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà náà gbà. Ibi tí wọ́n sáré pín ní 1889 wà lára ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Creek àti Seminole. Mi ò lè sọ ìtàn oríire àwọn èèyàn wa níbẹ̀ kí n fo èyí.

Langston kò jìnnà sí Guthrie. Edward McCabe, tó ti jẹ́ olùṣírò owó ìjọba ní Kansas, ló wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1890. Ó rán àwọn aṣojú lọ sí gúúsù láti pe àwọn aláwọ̀ dúdú wá, èrò ọkàn rẹ̀ sì ni kí Oklahoma di ìpínlẹ̀ tiwọn. Ní 1897, ilé aṣòfin agbègbè náà fọwọ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan fún wọn, pẹ̀lú àdéhùn pé àwọn ará ìlú ni yóò ra ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ta kéèkì, wọ́n ṣe gbàǹjo, títí owó éékà 40 fi pé. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀ ní 1898. Yunifásítì Langston nìyẹn. Nígbà tí mo dúró nínú ọgbà rẹ̀, owó kéèkì yẹn ni mò ń rò ṣáá.

Boley wà lápá ìlà-oòrùn, ní Indian Territory àtijọ́, ìyẹn ilẹ̀ tó ṣì kù lọ́wọ́ àwọn ẹ̀yà márùn-ún náà. Àwọn Creek ò ní ilẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ ló ni ín, bíi ilẹ̀ ẹbí lọ́dọ̀ wa. Ìgbìmọ̀ Dawes, tí ìjọba àpapọ̀ yàn láti pín ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà náà, ló wá gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, àwọn ẹrú tí wọ́n ti dá sílẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn sì gba éékà 160 lórí. Orí ilẹ̀ Abigail Barnett, ọmọ ọ̀kan nínú wọn, ni wọ́n tẹ Boley dó sí ní 1903. Olórí ìlú, ọlọ́pàá, onílé ìfowópamọ́, aláwọ̀ dúdú ni gbogbo wọn. Booker T. Washington, gbajúmọ̀ olùkọ́ àti aṣáájú aláwọ̀ dúdú nígbà náà, lọ wò ó ní 1905, orí rẹ̀ sì wú. Lónìí ìlú náà ti dákẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n a rí ilé bíríkì tó jẹ́ báńkì nígbà náà.

Ọdún 1905 yẹn kan náà ni àwọn ẹ̀yà márààrún kọ òfin ìpínlẹ̀ tiwọn, tí wọ́n fẹ́ pè ní Sequoyah. Àwọn olùdìbò gbà á, ìjọba àpapọ̀ ní Washington D.C. kọ̀ ọ́. Wọ́n so agbègbè méjèèjì pọ̀, wọ́n sì búra fún gómìnà ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ lórí àtẹ̀gùn ibi ìkàwé Carnegie ní Guthrie, ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá 1907. Wọ́n tilẹ̀ ṣe ìgbéyàwó àfiṣeré níbẹ̀: Indian Territory ni ìyàwó, Oklahoma Territory ni ọkọ.

Àbá òfin àkọ́kọ́ tí ilé aṣòfin àgbà ìpínlẹ̀ tuntun gbé jáde ni pé kí aláwọ̀ dúdú má bá òyìnbó jókòó nínú kóòṣì rélùwéè kan náà. Ní 1910, wọ́n tún fi ìdánwò ìwé kíkà dí ọ̀nà ìbò mọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ ti ń dìbò ṣáájú 1866, ìyẹn àwọn òyìnbó, kò ní ṣe é. Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ fagi lé ìyẹn ní 1915. McCabe náà pe ẹjọ́ lórí kóòṣì rélùwéè, ó pàdánù ní 1914, ó sì kú sínú òṣì ní Chicago ní 1920. Ó dùn mí gan-an.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Texas, ẹ lọ sí Boley ní òpin ọ̀sẹ̀ Memorial Day nínú oṣù Karùn-ún, ìgbà tí wọ́n máa ń ṣe rodeo (ìdíje ẹṣin gígùn àti màlúù mímú) àwọn aláwọ̀ dúdú. Ẹ kó àwọn ọmọ dání.