Férémù Ló Gbówó Lórí l'Óṣogbo

Ọ̀nà Ìbàdàn sí Òṣogbo lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, n kò ní fi tiẹ̀ dá yín dúró. Ilé ìtajà kan tí mo yà sí kí n tó dé Igbó Ọ̀ṣun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì kúrò nínú mi.

Wọ́n na àdìrẹ kan sínú férémù níbẹ̀, wọ́n fi gíláàsì bò ó, wọ́n tan iná sí i lórí: ₦120,000. Lórí àpótí nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n to àdìrẹ mìíràn jọ gègèrè, ₦15,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo bi arákùnrin tó ń tajà pé kí ló dé tí owó wọn fi jìnnà síra tó báyìí.

"Àǹtí mi, áàtì nìyí. Iṣẹ́ ọwọ́ lásán nìyẹn."

Lásán kẹ̀! Mo sún mọ́ ti inú férémù. Ẹyẹ ló kún ojú rẹ̀, gbogbo ẹyẹ náà ni ìlà apá òsì wọn sì já níbì kan náà gan-an. Páànù ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n á gé àwòrán sára páànù, wọ́n á gbé e lé aṣọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ láfún ra á kọjá kí aró má baà mú ibẹ̀, wọ́n á tún sún un síwájú. Bí páànù bá lábùkù, gbogbo ẹyẹ ló máa jogún rẹ̀. N kò kẹ́gàn rẹ̀ o. Ẹni tó mọ páànù gé dáadáa ti ṣiṣẹ́ gidi.

Mo wá fa ọ̀kan yọ lórí àpótí. Àwòrán tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn ló wà lára rẹ̀: òpó gbọ̀ngán Màpó n'Íbàdàn, ṣíbí láàárín wọn. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ya á. Òpó kan tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tó tẹ̀ lé e sanra díẹ̀. Àyè kékeré kan ṣẹ́kù ní igun kan, aládìrẹ náà sì fi àmì tótòtó kún un; kò sí irú rẹ̀ ní igun mẹ́ta yòókù. Mo yí ẹ̀yìn aṣọ, aró ti mú ibẹ̀ dúdú, torí ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ sí.

"Ta ló ya èyí?"

"Àwọn ìyá kan ni, mà."

Mo bi í léèrè ẹni tó ṣe ti inú férémù. Kíá ló fa káàdì yọ, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù. Ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn. Mo ná Ìbàdàndùn yẹn dé ₦13,000, mo sanwó, mo jáde.

Igbó Ọ̀ṣun ló tú mi lára. Ẹni tó mú wa káàkiri mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò kánjú, ó yẹ lẹ́ni tí èèyàn ń fún lówó. Àwọn ògiri ṣìmẹ́ńtì ibẹ̀ ni mo dúró tì pẹ́ jù. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kí òun àti Susanne Wenger, Àdùnní Olóríṣà, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Austria, tó jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ṣìmẹ́ńtì tí gbogbo ayé fi ń kọ́lé náà ló lò, UNESCO sì fi igbó náà sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Lójú tèmi, ibi tí ọwọ́ bá ti ń ronú bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni áàtì wà. Ibi tí wọ́n bá ti ro ìrònú tán, tí ọwọ́ kàn ń tún un ṣe láìṣìṣe, iṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn. Ìyá tó ya aṣọ mi ṣe méjèèjì pọ̀: ẹlòmíràn ló kọ́ ọ ní òpó àti ṣíbí, òun fúnra rẹ̀ ló ro tótòtó yẹn.

Bí ẹ bá lọ, ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ wò kí ẹ tó náwó. Ẹ wo àwòrán kan náà níbi mẹ́ta, bóyá àbùkù kan náà wà lára gbogbo wọn. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tó ya á, kódà bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó lè máa tì wọ́n lójú. Bó bá sì jẹ́ ara ògiri lẹ fẹ́ gbé e kọ́, káfíńtà àdúgbò yín mọ férémù kàn. Tèmi gba ₦9,000, gíláàsì wà níbẹ̀.