Ìbàdí ni wọ́n ń yà ní fọ́tò, ẹ̀yìn ọmú ni kókó wà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré rèé tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi lẹ́yìn, ojú ibẹ̀ ṣì ń yún mi bí mo ṣe ń tẹ èyí, torí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo oògùn ara ríro láàárọ̀ lálẹ́ tí ẹsẹ̀ yín ò sì yéé wúwo ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Aránṣọ ni mí n'Ìbàdàn, ọmọ ọdún 52. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀, atẹ́lẹsẹ̀ òsì mi kàn ń ṣe mí bí ẹni tó ń tẹ fóòmù. Màá gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dàlì máṣíìnì, mi ò ní mọ̀ bóyá mo ti tẹ̀ ẹ́, àfi tí abẹ́rẹ́ bá sáré gun aṣọ oníbàárà. Lọ́jọ́ kan a wà lọ́jà, ọmọ mi ní "Mọ́mì, sílípáàsì yín ọ̀kan dà?" Ó ti bọ́ lẹ́sẹ̀ mi lọ́hùn-ún, mi ò mọ̀ rárá. Nǹkan kan sì tún ń fún mi yíká abẹ́ ọmú bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀já di èèyàn, mo rò pé kọ́mú ni, mo lọ ra tuntun.

Dókítà tí mo kọ́kọ́ rí ní làkúrègbé ni. Wọ́n ya ìbàdí mi ní x-ray, wọ́n ní eegun ti ń jẹ díẹ̀, wọ́n fún mi ní oògùn àti bẹ́líìtì. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni mo fi lò ó. Bàbá tó ń to eegun fi òrí wọ́ mi lẹ́yìn. Ìyá ọkọ mi ní mo ti tẹ nǹkan lójúde ṣọ́ọ̀bù. Mo gbààwẹ̀ pẹ̀lú, ẹ má bú mi, mi ò sì sọ pé àdúrà ò ṣiṣẹ́, òun ló gbé ẹni tó mọ iṣẹ́ kò mí.

Òru Sátidé kan ló wá burú jù. Mo ń wẹ̀, mo fi ọṣẹ kunjú, mo di ojú. Bí mo ṣe dijú báyìí ni mo lulẹ̀, àfi gbì! Tí mo bá lajú mo lè dìde dúró díẹ̀, tí mo bá tún dijú kí n ṣan ọṣẹ, mo ti tún ṣubú. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mi ò lè dìde mọ́. Omi ń dà sí mi lára, mo ń wo ẹsẹ̀ mi méjèèjì nílẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹlòmíì, mo ní kó ká, kò ká. Mi ò sì tíì tọ̀ láti òwúrọ̀, ikùn mi le koko, ìtọ̀ ò jáde. Mi ò lè pariwo. Ojú ń tì mí, ẹ gbà mí gbọ́, ìhòhò ni mo wà. Ìgbà tí ọkọ mi kanlẹ̀kùn tó ní "Ìyá Fúnmi, ṣé kò sí?" ni ẹkún tó gbé mi. Àwọn ọmọ mi ló fi ìró gbé mi jáde.

Ní ọsibítù tí wọ́n gbé mi lọ, wọ́n ti rọ́bà bọ̀ mí, ìtọ̀ ń dà bí omi ẹ̀rọ. Dókítà kékeré kan wá fi kọ́kọ́rọ́ ha àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ńlá na sókè, ojú dókítà náà yí padà. Ó mú pín-ìn-nì, ó ń fi gún mi díẹ̀díẹ̀ láti ẹsẹ̀ bọ̀ sókè, "Mà, ṣé ó mú?" Kò mú. Kò mú. Àfìgbà tó dé abẹ́ ọmú ló tó mú. Ó ní "Mà, ìbàdí yín kọ́ ló ń ṣe yín o."

MRI, ẹ̀rọ ńlá tó ń ya fọ́tò inú ara, fi hàn pé kókó kan wà lára awọ tó bo okùn inú eegun ẹ̀yìn, okùn tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ dé ẹsẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun àyà ìkẹfà nínú 12. Kò ju kóró àgbálùmọ̀ lọ, àmọ́ ó ti tẹ okùn yẹn pẹlẹbẹ. Meningioma ni wọ́n pè é. Jẹjẹrẹ kọ́, díẹ̀díẹ̀ ló ń dàgbà, obìnrin ló pọ̀ lára àwọn tó ń ṣe, agbedeméjì ẹ̀yìn ló sì sábà máa ń jókòó sí. Wọ́n gé eegun ẹ̀yìn ibẹ̀, wọ́n yọ ọ́, mo ti ń fi ọ̀pá rìn, ọpẹ́ ni.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: ẹ bi wọ́n pé ibo gan-an lẹ fẹ́ yà? Okùn tí mo ń wí yìí máa ń parí sí àyíká eegun ìbàdí kìíní tàbí ìkejì, ìbàdí yẹn sì ni wọ́n ń yà lára mi, òkè ibẹ̀ ni kókó wà. X-ray náà, eegun ló ń rí, kì í rí okùn. Èkejì, tí ẹsẹ̀ bá ń kú, tí nǹkan ń fún yín láyà, ẹ sọ méjèèjì pa pọ̀. Èmi ò sọ ti kọ́mú fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kẹta, bí ìtọ̀ bá há tàbí ẹsẹ̀ bá dédé kọ iṣẹ́, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ. Àwọn tó ń sọ pé owó MRI wọ́n, òótọ́ ni, mo ta máṣíìnì kan sí i, àmọ́ ẹ ṣírò owó oògùn ọdún kan àti oṣù mẹ́rin. Ẹ ṣáà bi wọ́n pé ibo lẹ fẹ́ yà.

Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ wa sọ fún mi níjẹta pé ẹsẹ̀ òun ń kú, pé wọ́n ti ya ìbàdí òun, wọn ò rí nǹkan kan. Mo ti ní ká jọ lọ ní Mọ́ńdè. Èmi ni màá sọ̀rọ̀ tá a bá débẹ̀.