Kìlógíráàmù 23 lọ́nà méjì

Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá, tí ẹrù yí mi ká. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí n lọ sí òkè òkun. Àpótí méjì péré ni wọ́n gbà mí láàyè láti gbé, kìlógíráàmù 23 lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ odidi ọdún mẹ́fà ni mo fi kó ẹrù ilé yìí jọ!

Aṣọ kò gba àkókò. Èyí tí n kò wọ̀ láti ọdún kan, mo ti fi ta àwọn tó nílò rẹ̀ lọ́rẹ. Ìwé ló dá mi dúró. Ìwé wúwo gan-an ni o. Mo gbé mẹ́wàá lé òṣùwọ̀n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlógíráàmù mẹ́rin. Mẹ́ta ni mo mú. Àwọn ìwé ẹ̀rí mi ń bọ̀ nínú báàgì ọwọ́, páwà báǹkì náà sì ń bọ̀ níbẹ̀, torí wọn kì í gbà á nínú àpótí tó ń lọ sábẹ́ bàálù.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ti ṣófo. Mo fa àga síbẹ̀, mo tẹ́ aṣọ ìbora tí ìyá mi fọwọ́ ara wọn rán fún mi lé e, mo jókòó. Láti ọdún mẹ́fà, n kò jókòó síbẹ̀ rí, páálí ló gba ibẹ̀. Inú mi dùn, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Aṣọ ìbora yẹn ń bá mi lọ. Bí mo bá ní láti yọ bàtà méjì sílẹ̀ nítorí rẹ̀, màá yọ wọ́n. Òun ni n ó kọ́kọ́ tẹ́ níbi tí mo bá dé sí.