Ní Dakar, ẹni tó ń bú ọ jẹ ọ́ ní gbèsè

Àdìrẹ Ìtòkú ni mò ń tà ní ọjà HLM ní Dakar, ọjà tí gbogbo Sẹ̀nẹ̀gàl mọ̀ mọ́ aṣọ. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, agboolé wa kò jìnnà sí Ọjà'ba, ṣùgbọ́n Ndiaye ni wọ́n ń pè mí níbí. Ìyá onílé mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀, torí pé Ndiaye ni òun náà ń jẹ́, ilé rẹ̀ ni mo sì wà. Àlejò tó bá ti fìdí kalẹ̀ ní ìlú yìí, wọn a wá orúkọ ìdílé kan fún un. Ohun tó tẹ̀lé orúkọ náà wá ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Kò pẹ́ tí mo gba orúkọ yìí tí mo lọ ra ẹja ní ọjà Tilène. Ẹlẹ́ja bi mí léèrè orúkọ, mo ní Ndiaye. Obìnrin náà ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó pàtẹ́wọ́, ó ké sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: "Ẹ gbà mí o! Àwọn Ndiaye tó wà nílẹ̀ kò tíì jẹ ìrẹsì wa tán, wọ́n tún ti lọ kó òmíràn wá láti Nàìjíríà!" Ó ní òun ò ní tajà fún mi, pé ọ̀kánjúwà ni wá láti ìran dé ìran, pé tí òun bá fún mi lẹ́ja, odindi ìkòkò ni n óò dá sè tí n óò dá jẹ. Gbogbo ìsọ̀ ẹja bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá ṣa ẹja thiof tó dára jù nínú igbá rẹ̀, ó bá mi ha ìpẹ́ rẹ̀ dànù, ó sì dín owó kù láìjẹ́ pé mo ná an.

Diop ni obìnrin náà ń jẹ́. Kal ni wọ́n ń pe irú àjọṣe tó wà láàárín Diop àti Ndiaye. Ìbátan àpárá ni. Diop tó bá pàdé Ndiaye níbikíbi, ì báà jẹ́ nínú ọkọ̀, ì báà jẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti bú u, bí wọn ò tilẹ̀ rí ara wọn rí. Olè ni ọ́, ọ̀jẹun ni ọ́, irọ́ ló kún ẹnu rẹ. Ndiaye náà gbọ́dọ̀ dá a padà. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bínú. Ẹni tó bá bínú ló fìdí rẹmi. Bẹ́ẹ̀ ni Guèye àti Seck ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni Ba àti Diallo ń ṣe láàárín àwọn Fúlàní.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé ìtàn ló wà nínú èébú náà. Ìyá onílé mi kọ́ mi ní ohun tí n óò máa fi dáhùn. Ó ní kí n sọ pé ọba ni Ndiaye ní Jolof, pé ọ̀dọ̀ Ndiadiane Ndiaye ni ìjọba Jolof ti ṣẹ̀, kí n wá bi Diop pé ta ni nínú wọn ló jọba rí. Mo lọ gbé ọ̀rọ̀ yìí ko télọ̀ kan tó jẹ́ Diop lójú ní HLM. Ó gbé sísọ́ọ̀sì kalẹ̀, ó ní, "Lat Dior ńkọ́?" Lat Dior Diop ni ọba Kayor tó bá àwọn Faransé jà nítorí ojú irin tí wọ́n fẹ́ là gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá láti Dakar lọ sí Saint-Louis. Ojú ìjà ló kú sí, ní Dekheulé, lọ́dún 1886. Orí ìdúró ni télọ̀ yẹn ti ro gbogbo rẹ̀ fún mi, kó tó padà sórí ìrẹsì tó ní mò ń jẹ jù. Ọmọkùnrin kékeré tó ń bá a gé òwú ń gbọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Nílé, ìyá àgbà ló máa ń ki ọmọ, kí ọmọ lè mọ ibi tó ti wá. Níbí, ẹni tó ń bú ọ ló máa fa oríkì yọ lẹ́nu rẹ, torí o ò ní ohun mìíràn tí o lè fi gba ara rẹ sílẹ̀.

Ẹ̀yà sí ẹ̀yà náà ń ṣe é. Àwọn Sérère àti àwọn Joola ní ìtàn pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò obìnrin méjì, Aguène àti Diambogne, jọ wọ ọkọ̀ ojú omi kan. Ìjì jà, ọkọ̀ là sí méjì. Omi gbé Aguène lọ sí gúúsù, ó di ìyá ńlá àwọn Joola. Ó gbé Diambogne lọ sí àríwá, ó di ìyá ńlá àwọn Sérère. Lẹ́yìn tí ìjà òmìnira bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1982 ní Casamance, ní gúúsù Sẹ̀nẹ̀gàl níbi tí àwọn Joola pọ̀ sí, ìtàn ọkọ̀ yìí wà lára ohun tí àwọn tó ń wá àlàáfíà fi ń pẹ̀tù sí aáwọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àjòjì ni òun dojú ìjà kọ.

Ní Málì, Keita àti Coulibaly ni, ẹ̀wà ni wọ́n sì fi ń bú ara wọn níbẹ̀: "Ẹ̀yin ajẹ̀wà yìí!" Àwọn ará ibẹ̀ gbà pé ìgbà Sundiata Keita, ọba tó dá ilẹ̀ ọba Málì sílẹ̀, ló ti wà, ní ọ̀rúndún kẹtàlá, nígbà tó pe àwọn ìdílé jọ sí Kurukan Fuga lẹ́yìn ogun. UNESCO kọ irú ìbátan àpárá bẹ́ẹ̀ ti orílẹ̀-èdè Niger sínú ìwé àjogúnbá aráyé lọ́dún 2014. Kò sì dìgbà tí a bá kúrò ní Nàìjíríà: ẹ wo Fúlàní àti Kànúrí tó bá pàdé ara wọn, ẹ ó rí i.

Àwa ńkọ́? Ohun tí mo mọ̀ tó sún mọ́ ọn jù nílé ni ọjọ́ Òkè'Bàdàn. Lọ́jọ́ náà, àwọn ọ̀dọ́ a máa kọrin sí ẹni tó bá ń kọjá, orin tí ẹnu ọmọlúàbí kì í kọ lọ́jọ́ mìíràn. Àgbàlagbà tí wọ́n bá kọ ọ́ sí a rẹ́rìn-ín, a bá tirẹ̀ lọ. Ìlú wa tún ní oríkì tó jẹ́ èébú létí àlejò: Ìbàdàn, níbi olè gbé ń jàre olóhun. Orí mi a máa wú bí mo bá gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ lè pe Ìjẹ̀ṣà ní Òṣómàáló, kí ẹ máa fi rán an létí àwọn oníṣòwò aṣọ tó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde; tẹ̀rín-tẹ̀rín ni yóò fi dá yín lóhùn. Irúgbìn nǹkan yìí wà lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó pe Ìjẹ̀ṣà ní Òṣómàáló kò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan lẹ́yìn ẹ̀rín. Ní Dakar, ó jẹ ẹ́.

Ìgbà tí bàbá mi kú ni mo tó rí i kedere. Mi ò ráyè dé Ìbàdàn kí wọ́n tó sin ín. Àwọn aládùúgbò wá kí mi, wọ́n jókòó, gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹlẹ́ja Tilène ni ó wọlé pẹ̀lú àpò ìrẹsì lórí. Ó dúró láàárín ilé, ó ní, "Ndiaye, àwọn èèyàn sọ pé o ò jẹun. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Ndiaye wo ni kì í jẹun?" Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀, ẹkún tí mi ò tíì rí sun láti àárọ̀ sì tẹ̀ lé e. Ó gbá mi mọ́ra. Lẹ́yìn náà ó wọ ilé ìdáná, ó dáná, ó bu oúnjẹ fún àlejò, ó fọ àwo. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn yòókù kò lè bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà. Òun nìkan ló láṣẹ, nítorí Diop ni.

Ní Burkina Faso, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àgbà kan nínú àwọn Mossi bá kú, àwọn Samo, ẹ̀yà tó jẹ́ ìbátan àpárá wọn, a wá síbi ìsìnkú, wọn a máa sín òkú jẹ, bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń wúkọ́. Wọn a dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó ń gbé òkú lọ títí ẹbí yóò fi fún wọn lówó. Ojú ọ̀fọ̀ a sì tújú ká.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ìjà. Mo ti rí awakọ̀ méjì tí wọ́n gbára wọn lọ́rùn mú ní Colobane nítorí ọkọ̀ tó ha ara wọn. Ẹnìkan láàárín èrò ké pé, "Kí ni orúkọ ìdílé yín ná?" Ọ̀kan dáhùn pé Seck. Ìkejì tú ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Mo mọ̀! Ẹni tí kì í ṣe Seck ò lè wakọ̀ burúkú báyìí." Guèye ni. Wọ́n ṣì ń bú ara wọn nígbà tí wọ́n wọ ọkọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ìjà ti tán.

Lọ́dún 2023, nígbà ìbò gómìnà ní Èkó, mo ka ohun tí Yorùbá ń kọ sí Ígbò, àti ohun tí Ígbò ń kọ sí Yorùbá lórí Facebook. Oorun kò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn èèyàn tí wọ́n jọ ń tajà láti ìgbà pípẹ́, tí wọ́n ti fẹ́ ọmọ ara wọn, wọ́n ń bú ara wọn, kò sì sí àṣà kankan lábẹ́ èébú náà tó lè gbà á mú kó má baà di ìjà. Èébú kì í tán láàárín èèyàn tó ń gbé pọ̀. Ohun tí mo rí ní Sẹ̀nẹ̀gàl ni pé èèyàn lè fún un ní òfin, kí wọ́n so iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́rùn: bí o bá bú mi lónìí, ìwọ ni yóò dáná nílé mi lọ́jọ́ tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ mí.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí mi ò fẹ́, ìyẹn ẹrú. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an: "Ẹrú mi ni ọ́!" Ṣùgbọ́n ìdílé wà ní Sẹ̀nẹ̀gàl títí di òní tí wọ́n ń fọwọ́ júwe pé ẹrú ni baba ńlá wọn, tí ó sì ṣòro fún ọmọ wọn láti fẹ́ ọmọ ẹlòmíràn. Èmi náà ti ìlú ajagun wá. Ogun Ìbàdàn kó ẹrú, àwọn ọmọ wọn wà láàárín wa. Mo sọ fún télọ̀ mi pé kó máa pè mí ní olè àti ọ̀jẹun, kó fi ẹrú sílẹ̀. Kò gbà. Ó ní tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kúrò, kal yóò kú. Mo ní kò ní kú, pé ìrẹsì nìkan tó èébú ọgọ́rùn-ún ọdún. A ò tíì parí rẹ̀.