Kí ló dé tí Michael tún lọ jókòó?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí o. Lálẹ́ àná, èmi, bùrọ̀dá mi àti ọ̀rẹ́ wọn tún ń wo The Godfather, fíìmù 1972 yẹn, la bá dé ibi tí Michael, ọmọ olórí ìdílé ọ̀daràn yẹn, ti pa Sollozzo, oníṣòwò oògùn olóró tó jẹ́ ọ̀tá wọn, àti McCluskey, ọ̀gá ọlọ́pàá yẹn, nílé oúnjẹ ní Bronx, ní New York. Ariwo bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé bó bá ti jáde nílé ìgbọ̀nsẹ̀ báyìí kó yìnbọn fún wọn, àmọ́ ó jáde tán, ó tún lọ jókòó! Bùrọ̀dá mi ní ẹ̀rù ló bà á. Ọ̀rẹ́ wọn ní rárá o, ó fẹ́ kí ọkàn wọn balẹ̀ ni.

Èmi ò gbà. Ẹ wo ojú Al Pacino, tó ṣe Michael, dáadáa, ẹyinjú ẹ̀ ń lọ ń bọ̀, Sollozzo ń sọ̀rọ̀ lédè Ítálì, wọn ò kọ ìtumọ̀ ẹ̀ sísàlẹ̀ fún wa, ariwo ọkọ̀ ojú irin wá ń pọ̀ sí i ṣáá, bẹ́ẹ̀ a ò rí ọkọ̀ kankan o, Walter Murch, tó bójú tó ìró inú fíìmù náà, ló fi ariwo yẹn síbẹ̀. Inú orí Michael la wà yẹn! Ọmọ tó ti ojú ogun dé, tí ò fẹ́ bá wọn ṣe iṣẹ́ ọ̀daràn tí ìdílé wọn ń ṣe, ibẹ̀ ló ti ń dágbére fún ẹni tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ tún wo ìbọn lọ́wọ́ ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà kó tó jù ú sílẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bùrọ̀dá mi dá fíìmù náà padà sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn ò tíì gbà. A tún máa wò ó lálẹ́ òní.